Àádọ́ta Ni Wọ́n Fàṣẹ Sí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ lẹ orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá mọ́ ara pátákó, Ọ̀gbẹ́ni Ọláfimíhàn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Oǹdó, ti kọ orúkọ Ìtùnú ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àlùfáà fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Ìtùnú pè é. Orúkọ òun kò sí níbẹ̀.

Bàbá ní kí ó tún un wò. Ọmọ náà ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé ogójì nínú àwọn ni kò rí orúkọ wọn. Bàbá wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Adébùsóyè, akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, dìde fún un, nítorí pé ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Ìtùnú dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Adébùsóyè kò purọ́. Ó ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń pinnu iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Wọn a wo iye olùkọ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ibùsùn ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ yóò ti kọ́ṣẹ́. Àádọ́ta ni wọ́n fàṣẹ sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí Ìtùnú wọlé, gbogbo ayé ń wá nọ́ọ̀sì nílé àti lókè òkun, àwọn òbí sì kún ẹnu ọ̀nà. Àga ni ilé-ẹ̀kọ́ fi kún àga. Wọ́n gba àádọ́rùn-ún, wọ́n ń retí pé ìgbìmọ̀ yóò sún iye náà sókè. Ìgbìmọ̀ kò sún un.

“Nọ́ńbà tó wà lára káàdì ilé-ẹ̀kọ́ Ìtùnú ńkọ́?” ni Bàbá bi í.

“Ti ilé-ẹ̀kọ́ wa nìyẹn, sà. Ti ìgbìmọ̀ ni à ń pè ní íńdẹ́ẹ̀sì. Láti ọdún kìn-ín-ní ló ti yẹ kó jáde. Ẹni tí kò ní in kò lè ṣe ìdánwò wọn, kò sì lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì.”

“Ọdún mẹ́ta, Adébùsóyè. O kò lè sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí, sà.”

Òótọ́ ni. Ojú ti Bàbá láti máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí òun kọ́ ní a, b, d. Ó wá béèrè ẹni tó yan àwọn àádọ́ta náà.

“Máàkì ìdánwò ìwọlé ni. Ti Ìtùnú kò dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí mi, sà, pé kí n bá yín fi í sí i, pé èmi tí ẹ fi ẹgba tọ́ kò ní í dójú tì yín.”

Ìtùnú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. “Bàbá mi, lẹ́tà wo?”

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ń lé òbí tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn fi ọmọ sílé-ìwé kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó dáhùn.

“Èmi ni mo kọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́kọ́ ní kí o padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. N kò sọ fún ọ.”

“Ǹ bá tún un ṣe,” ni Ìtùnú wí. Ó lọ kó ẹrù rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọkọ̀ padà sí Oǹdó.

Wọ́n yọ Adébùsóyè lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ sì pàṣẹ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni fún ọdún méjì. Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àlùfáà, ó ní kí wọ́n pa orúkọ Ìtùnú rẹ́ nínú ti ìdúpẹ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìtùnú ṣe ìdánwò ìwọlé níbòmíràn, ó yege. Láti ọdún kìn-ín-ní ló ti tún bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tó ń pè é ní àǹtí.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye tí wọ́n fàṣẹ sí. Kí ọdún kìn-ín-ní tó parí, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ìgbìmọ̀ hàn yín, ìbáà ṣe ọmọ yín ló jókòó sórí àga ọ̀gá. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́, bí èrò bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gba olùkọ́, ẹ kọ́ yàrá, ẹ pe ìgbìmọ̀ wá wò ó, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí a fi ń dánra wò.