Ọṣẹ Tí Yaretzi Kọ̀ Láti Ṣàn Dànù

"Dúró ná, Yaretzi. Na apá ẹ wá kí n gbọ́ òórùn ẹ̀."

Yaretzi rò pé eré ni, ó na apá. Dafne fi imú kan aṣọ rẹ̀, ó fa òórùn rẹ̀ sínú, ó sì yíjú sí àwọn mẹ́rin tó kù.

"Ṣé mo sọ fún yín? Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ni, ẹlẹ́bú inú ọ̀rá! Èyí tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́fà yìí ló ń tọ́jú àsíá ní ilé-ìwé girama àdúgbò wa ní Iztapalapa. Yaretzi ló ń gbé àsíá gan-an, nítorí òun ló gba máàkì jù. Dafne ló máa ń rìn ní apá ọ̀tún rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọn yóò gbé àsíá náà lé àwọn ọmọ kíláàsì tó tẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, yóò sì ṣojú gbogbo òbí. Ẹni tó bá jẹ́ kí àsíá kan ilẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀sín rẹ̀ kì í tán ládùúgbò wa. Ọkùnrin kan wà tó ti di baba ọlọ́mọ báyìí, a ò tíì yéé fi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Aṣọ mi mọ́," Yaretzi dáhùn.

"Ta ló ní kò mọ́? Mímọ́ ju mímọ́ lọ ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Màmá mi ò lè ra ẹlẹ́bú láéláé. Olómi ni tiwa, èyí tó wà nínú ìgò aláwọ̀ àlùkò. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn ló ń kọjá."

Dafne kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Yaretzi lára. Ṣé ẹ mọ omi tiwa: bó bá tilẹ̀ wá, ó lè pọ́n bíi tíì, aṣọ funfun kì í sì í pẹ́ funfun lọ́dọ̀ wa. Maricela, ìyá rẹ̀, tó ń ta tàmálì, oúnjẹ àgbàdo tí a ń dì sínú ewé, ní àárọ̀, ló ń fọ aṣọ náà lórí òkúta ìfọṣọ lókè ilé. Ẹlẹ́bú olówó pọ́ọ́kú ló ń lò. Bó bá ti fi ọṣẹ pa aṣọ tán, yóò sá a sóòrùn tòun tọṣẹ, yóò máa wọ́n omi sí i, kó tó wá ṣàn án dáadáa. Aṣọ yẹn mọ́, ojú ọmọ yìí ni kò gbà á mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Maricela rán an lọ ra ọṣẹ tí gbogbo ilé yóò lò fún oṣù kan. Ní ṣọ́ọ̀bù, Yaretzi dúró pẹ́ níwájú ìgò aláwọ̀ àlùkò. Ó mú ọ̀rá ẹlẹ́bú, ó dá a padà. Níkẹyìn, ó ra ìgò olómi kékeré kan ṣoṣo, owó ọwọ́ rẹ̀ sì tán.

"Màmá, ẹlẹ́bú ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ti fi ìgò pamọ́ sínú báàgì ìwé rẹ̀.

"Ọṣẹ tán? Ní Iztapalapa yìí?" Maricela rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Bàbá ẹ á wọ aṣọ mẹkáníìkì ẹ̀ bó ṣe wà. Gíríìsì ò tíì pa á."

Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ yìí dùn ún ju kí ó gbá a létí lọ. Síbẹ̀ kò sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé, ó gbé aṣọ àti ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ gòkè. Tánkà omi kò tíì dé, omi àgbá ti lọ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ìdérí kan ti tó. Ó da ìdérí kan sí i, ó wò ó, ó ní nǹkan tó wọ́n tó báyìí, bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe fọ̀ tó. Ó da ìlàjì ìgò sí i. Ọṣẹ hó títí ó fi bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ìdùnnú sì bo òun náà. Ṣùgbọ́n bó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn án, ó gbọ́ pé òórùn dídùn náà ń dínkù. Ṣé kí òun wá fi omi da gbogbo owó yìí nù? Ó fún aṣọ náà bẹ́ẹ̀, ó sá a. Ìbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ fojú kan omi ìṣàn rárá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Dafne gbá a mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ wá o! Èèyàn ti dé!" Yaretzi ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ń yún un.

Wọ́n tò, wọ́n rìn, orin orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀. Láàárín orin ni òjò dé. Tíṣà Anselmo, tó ń darí wọn, kò dá wọn dúró, nítorí a kì í torí òjò pa orin àsíá tì. Òjò wọ aṣọ Yaretzi, ọṣẹ inú rẹ̀ sì jí. Ìfófòó funfun yọ ní èjìká rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá, ó ń kán sórí bàtà.

"Ẹ wò ó, Yaretzi ń hó o!" ọmọ kékeré kan pariwo. Ẹ̀rín gba àgbàlá kan.

Omi bọ́ lójú Yaretzi, ó ṣáà rìn lọ. Ó dé iwájú ọmọkùnrin tí yóò gba àsíá, ó fa ọ̀pá yọ kúrò nínú àpò ìgbànú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbọ̀wọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó di ọ̀pá mú gírígírí, ọ̀pá ń yọ̀ lọ, ọmọkùnrin náà kò sì tíì na ọwọ́.

"Dafne, gbà mí! Ó ń bọ́ o!"

Dafne fò kúrò láyè rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá ọ̀pá mọ́ àyà. Etí àsíá kù díẹ̀ kó kan adágún omi.

Lẹ́yìn ètò, Tíṣà Anselmo pe àwọn méjèèjì, inú ń bí i. "Dafne, ta ló ní kó o kúrò láyè ẹ? O ba ìlà jẹ́. Kò sí mẹ́dà ẹ̀yẹ fún ẹ."

Yaretzi rí ìyá rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó mọ̀ pé bí òun bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

"Tíṣà, ẹ má fìyà jẹ ẹ́. Èmi ni mo pè é. Ọṣẹ ló wà nínú ìbọ̀wọ́ mi, mi ò ṣàn án torí kí òórùn ẹ̀ má bàa lọ. Owó ọṣẹ ilé wa ni mo fi rà á." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Màmá. Ẹlẹ́bú ò tán."

Mẹ́dà agbásíá tí ì bá jẹ́ ti Yaretzi ni wọ́n fi kọ́ Dafne lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn, Yaretzi sì bá wọn pàtẹ́wọ́.

Maricela kò nà án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tọrọ ẹ̀kún ọwọ́ ẹlẹ́bú lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó fi fọ ìbọ̀wọ́ kan. Ó fi ẹ̀kán olómi fọ èkejì. Ó ṣan méjèèjì dáadáa, ó sá wọn sóòrùn. Nígbà tí Dafne yà kí wọn, ó gbé wọn sí i níwájú.

"Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ ọṣẹ, èwo ni tolówó ńlá?"

Dafne yí wọn síwá sẹ́yìn. "Èyí tó jọ pé ó funfun jù yìí ni, Mà."

"Ẹlẹ́bú nìyẹn. Olómi ṣe dáadáa lára ibi tí epo ta sí o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Yàtọ̀ síyẹn, ọgbọọgba ni wọ́n."

Yaretzi rò pé Dafne yóò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni Dafne ń wò.

"Yaretzi, má sọ fún wọn o. Ìgò ilé wa yẹn, ó ti pẹ́ tó ti tán. Ọṣẹ olómi olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà ni màmá mi ń rọ sínú ẹ̀."

Maricela bu tàmálì fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọṣẹ tó wọ́n lè ṣe díẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n, omi àti oòrùn ló ń fọ aṣọ. Ẹ má torí imú ẹlẹ́gbẹ́ yín ba ilé yín jẹ́. Ìbọ̀wọ́ Yaretzi mọ́ láàárín ọjọ́ kan péré. Irọ́ tó pa kò ní ọṣẹ tirẹ̀: títí di ìsinmi Kérésì, bí ọṣẹ bá tán nílé wọn, Maricela fúnra rẹ̀ ló ń lọ rà á.