Yàrá Sáyẹ́ǹsì Ọjọ́ Kan

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan já ohun èlò sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní ilé-ìwé girama ìsàlẹ̀ odò. Ìgò onírúurú wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn máíkírósíkóòpù dúdú tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Wọ́n gbá yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ilé-ìwé òkè odò ló ni wọ́n. Wọ́n kàn yá wọn nítorí àlejò ni.

Àlejò náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, obìnrin tó ń kiri àwọn ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀ láti mọ ibi tí wọ́n ti ń fi ohun tí ọmọ olówó ń rí du ọmọ tálákà. Ilé-ìwé tí ìyà bá ń jẹ jù, ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ yóò kọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì tuntun sí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ti ń sọ fún alága ìjọba ìbílẹ̀ tipẹ́ pé kò sí ohun tí ilé-ìwé ìsàlẹ̀ odò kò ní. Kò fẹ́ kí àṣírí tú.

"Agbẹnusọ!" ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pè. Orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ sọ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì àṣekágbá nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ lo máa bá àlejò sọ̀rọ̀. Sọ pé gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ ń lò ó. Ta ló ń fi àkísà ilé rẹ̀ han àlejò? Tó bá lọ dáadáa, ìwọ ni olórí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin."

Agbẹnusọ mọ ohun tí irọ́ náà lè fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò gan-an ló kọ́kọ́ fojú kan máíkírósíkóòpù, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Ṣọ́ọ̀bù ló ń gbá báyìí. Síbẹ̀, báàjì olórí akẹ́kọ̀ọ́ ń tàn yanran lójú àbúrò.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó fa Agbẹnusọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Ṣé ẹ ń lo nǹkan wọ̀nyí lóòótọ́?"

"Gbogbo ọ̀sẹ̀, Mà."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n tàn. "Inú mi dùn. Mo ti rò pé ẹ̀yin lẹ máa nílò wa jù. Ó dáa, a ó wá ibòmíì."

Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kọjá afárá tí akẹ́rù fi padà dé, tó kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà fi báàjì sí i láyà. "Agbẹnusọ, a kí ọ o!" ni ẹnì kan pariwo ní kíláàsì. "Pọ máíkírósíkóòpù kan jáde lẹ́nu ká rí nǹkan lò!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni òmíràn dáhùn. "Báàjì rẹ̀ la máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara Agbẹnusọ kò gbà á mọ́. Ó wá ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ó sì jẹ́wọ́.

"Kí ló dé tí o kò sọ?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Ìtìjú ni, Mà."

"Ìtìjú ta ni? Ṣé ìwọ lo sọ ilé-ìwé di ahoro ni?" Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Wọ́n wá fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìyẹ́! Àgbàlagbà tó fi irọ́ sọ́mọ lẹ́nu, kí ló fẹ́ kí ọmọ náà fi gbé ayé? Èmi náà sì rèé, mo rí ìgò tó mọ́ tónítóní, n kò bi ara mi pé ṣé wọ́n ti lò ó rí."

Ó pe alága lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Agbẹnusọ gbọ́ ohùn ọkùnrin náà ketekete: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbòmíì. Ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀. A tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un."

Agbẹnusọ dá báàjì padà. Ó ti yé e pé àìní kì í ṣe ìtìjú ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù. Ìtìjú ẹni tó fi dù ú ni. Ẹni tó bá sì bá a bò ó mọ́lẹ̀ ti bá a jalè.

Kò sí ẹnì kankan nínú kíláàsì rẹ̀ tó yege nínú sáyẹ́ǹsì lọ́dún yẹn.