Fìlà Tó Kù Sábẹ́ Ọkọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, nígbà tí òtútù Johannesburg ń wọni dé egungun, Alhaji Rùfáì jókòó sí ilé ìdáná ọmọ rẹ̀ ní Mayfair, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ife tíì gbígbóná. Ìwó ni ó ti wá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí ní ilẹ̀ South Africa.

"Bàbá, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì yìí bo ẹsẹ̀ yín," ni Muslimat, ọmọ rẹ̀, wí.

"Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Bí mo bá tún da nǹkan mìíràn bò ó, n kò ní lè dìde mọ́."

"Ẹ má dìde. Ta ló ń lé yín?"

Rùfáì rẹ́rìn-ín. "Ọkọ rẹ ńkọ́? N kò tíì rí i láti àárọ̀."

"Ó wà níta. Bó ṣe gbé Ahmad ọmọ wa lọ sí ilé kéú tó dé báyìí, abẹ́ ọkọ̀ ló wọ̀ lọ. Sàléńsà yẹn ló ń tún ṣe."

Rùfáì gbé ife sílẹ̀. Ó mọ ohun tó fa iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ tí Mùnírù, ọkọ Muslimat, lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú, nǹkan kan ń gbá gbàgà-gbàgà lábẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ibi tí róbọ́ọ̀tì ti dá wọn dúró. Nígbà náà, Rùfáì kò tíì mọ̀ pé iná tó ń darí ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí. Ó kàn bi àna rẹ̀ pé, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn lábẹ́ mi yìí?" Àwàdà ni ó fi ṣe. Mùnírù kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sà," kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé ilé.

"Nítorí mi ló ṣe ń tún un ṣe," ni Rùfáì wí.

"Ó ní òun kò lè fi ọkọ̀ tó ń pariwo gbé yín lọ sí Sandton lọ́la."

"Ṣé kò sí mẹkáníìkì ni?"

"Ó wà, Bàbá. Ẹgbẹ́ wọn ni kò jẹ́." Muslimat mú fóònù ọkọ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. "Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn. Bí ìparí ọ̀sẹ̀ bá ti dé, wọn yóò máa tú ọkọ̀, wọn yóò máa kan ilẹ̀kùn, wọn yóò sì máa gba ara wọn nímọ̀ràn lórí Wọ́tsáàpù. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un."

Ó tẹ fóònù. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ohùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀: "Mùnírù, Túbọ̀sún ni. Sàléńsà tó ń mì kò gba mẹkáníìkì rárá, àbúrò mi. Jáàkì inú bùútù, sípánà kan, ó parí. Má wulẹ̀ wá òpó irin kankan tì sábẹ́ rẹ̀. Kí tíì rẹ tó tutù, o ti ṣe tán. Shap, ó dáa bẹ́ẹ̀!"

Rùfáì kò mọ iṣẹ́ tí òpó irin ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀. Ó dìde, ó lọ wo àna rẹ̀.

Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n kò lágbára. Ọkọ̀ náà wà lórí ilẹ̀ olókùúta tó dagẹ̀rẹ̀ láti ẹnu gáréèjì lọ sísàlẹ̀ ní ìdí géètì. Jáàkì kékeré kan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè lápá kan. Mùnírù ti tú táyà ibẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibi tí nọ́ọ̀tì wà, ó sì ti fi táyà náà ti ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta.

"Mùnírù, o kú iṣẹ́ o."

"Háà! Ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé ẹ jí dáadáa sà? Mò ń bọ̀ sà, mò ń jáde bọ̀!"

Ó yẹ kí Rùfáì ní kí ó dúró síbẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti dé, àràárọ̀ ni Mùnírù ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Rùfáì ti sọ fún un pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lásán, ó ti tó. Mùnírù kọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi ní Muslimat, sà." Nítorí náà, Rùfáì kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró, ó ń retí ìkíni.

Mùnírù ń fi ẹ̀yìn wọ́ jáde. Ó ń kánjú. Èjìká rẹ̀ gbá apá jáàkì. Rùfáì gbọ́ tí irin ha òkúta, ó sì rí i tí ọkọ̀ náà fì sí ọ̀nà géètì.

"Mùnírù!"

Orí Mùnírù jáde. Ọkọ̀ já lulẹ̀.

Ilẹ̀ mì tìtì. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Mùnírù ti yí dojú bolẹ̀ níwájú àna rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe ní àràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ṣùgbọ́n kò dìde. Kò sí fìlà lórí rẹ̀ mọ́. Fìlà onírun tí Muslimat rà fún un nítorí òtútù wà lábẹ́ ọkọ̀. Sàléńsà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ.

Orúnkún Rùfáì kì í gbà kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó gbé ọwọ́ lé orí àna rẹ̀.

"Mùnírù. Ṣé o wà?"

"Mo wà, sà."

"Gbé orí rẹ sókè, jẹ́ kí n rí ojú rẹ."

Mùnírù gbé orí sókè. "Ẹ má bínú sà," ni ó wí. "N kò tíì kí yín dáadáa."

Rùfáì fi ọwọ́ nu eruku kúrò ní iwájú orí rẹ̀.

Muslimat sáré jáde láti inú ilé. Fìlà ni ó kọ́kọ́ rí. Ó dúró gbagidi, kò lè súnmọ́ ibẹ̀, títí ó fi rí ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbá a léjìká.

"Sàléńsà! Sàléńsà lo fẹ́ kú sí! Kí ni kí n wí fún Ahmad tó bá ti ilé kéú dé?"

"Má sunkún, Muslimat."

"Ta ló ń sunkún?" Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu epo ọrùn ọkọ rẹ̀, ó sì ń sunkún.

Ẹnìkan ń lu géètì kíkankíkan. "Kí ló já lulẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Muslimat! Ẹ dá mi lóhùn!"

Fọlákẹ́mi ni, ará ilé kejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Doornfontein ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀.

"Rìmóòtù géètì dà?" ni Muslimat bèèrè.

Mùnírù ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fà á jáde. Wọ́n wo rìmóòtù náà, wọ́n wo ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá já lé Mùnírù ni, abẹ́ rẹ̀ ni rìmóòtù ì bá wà, Fọlákẹ́mi ì bá sì máa lu géètì lásán.

Bí Fọlákẹ́mi ti wọlé tí ó rí àgbàlagbà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Dìde, ọmọ mi, dìde! Wá wo èyí ná."

Fọlákẹ́mi ní kí Mùnírù na apá, kí ó yí ọrùn, kí ó mí kanlẹ̀. Kò sí ibi tó ń dùn ún.

"Bàbá ló gbà á là," ni Muslimat wí. "Bí wọn kò bá jáde wá, abẹ́ ibẹ̀ ni yóò ṣì wà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Rùfáì wí. "Èmi ni mo fi àwàdà bú ọkọ̀ rẹ̀. Èmi náà ni mo dúró tí mò ń retí kí ó jáde wá dọ̀bálẹ̀. Ìkánjú ìkíni yẹn ló fi gbá jáàkì."

Fọlákẹ́mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Jáàkì tí èjìká ènìyàn lè gbá ṣubú, nǹkan mìíràn yóò bì í ṣubú láìpẹ́. Ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ń wá ọ̀nà àtiyí lọ sísàlẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ìkíni, fífa sípánà nìkan lè bì í ṣubú." Ó kọjú sí Mùnírù. "Ta ló sọ fún ọ pé jáàkì nìkan tó?"

"Búrọ̀dá Túbọ̀sún."

"Túbọ̀sún tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì?"

"Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Síísítà."

"Kò tíì já lé e lórí ni. Iṣẹ́ jáàkì ni kí ó gbé ọkọ̀ sókè. Dídi ọkọ̀ mú sókè kí ènìyàn lè wọ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Táyà tó bá jò lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe ti inú bùútù fún. O gbé ọkọ̀, o pààrọ̀ táyà, o sọ ọ́ kalẹ̀. Ara rẹ kò kọjá sábẹ́."

"Ǹ bá ti kó bíríkì sábẹ́ rẹ̀."

"Bíríkì! Òjijì ni bíríkì ń fọ́. Kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀."

Fọlákẹ́mi lọ sí ilé rẹ̀, ó kó ohun tirẹ̀ dé: jáàkì ńlá oníkẹ̀kẹ́, igi ìdínà fún táyà, àti òpó irin méjì tí ìdí wọn fẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà, wọ́n dá táyà padà sí àyè rẹ̀, wọ́n sì tì í wọ inú gáréèjì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Mùnírù fa bíréèkì ọwọ́, ó fi igi dínà táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n tún gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n ti òpó irin sábẹ́ ibi tó le lára ọkọ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí wọn.

"Gbá a," ni Fọlákẹ́mi wí.

Mùnírù fi ẹ̀gbẹ́ gbá a. Ọkọ̀ kò mì.

"Tún gbá a, bí ẹni tí inú ń bí."

Kò mì. Mùnírù tún táyà ẹ̀yìn tú. Fọlákẹ́mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀, pé bí gbogbo nǹkan bá kùnà, orí táyà ni ọkọ̀ yóò já lé. Ó gba rìmóòtù, ó fi í lé Muslimat lọ́wọ́. "Ẹni tó wọ abẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ mú èyí dání. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀."

"Èmi ni," ni Rùfáì wí.

Mùnírù dúró, ó ń wo abẹ́ ọkọ̀.

"Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, fi í sílẹ̀," ni Muslimat wí jẹ́jẹ́. "Sandton kò sá lọ."

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Mùnírù wí. "Ṣùgbọ́n mo ti gbá a, kò mì." Ó dùbúlẹ̀, ó wọlé.

Rùfáì lọ gbé àpótí ìjókòó kékeré kan ní ilé ìdáná. Bí ó ti ń bọ̀, Mùnírù gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà, mò ń—"

"Dúró síbẹ̀!" Ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Gìgísẹ̀ náà dúró.

Rùfáì gbé àpótí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àna rẹ̀, ó rọra jókòó lé e. Ó fi ọwọ́ kan bàtà rẹ̀.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Kí mi láti ibẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, Mùnírù. Ṣé o jí dáadáa?"

"Mo jí dáadáa sà."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ó ń bínú díẹ̀."

"Kì í ṣe díẹ̀," ni Muslimat wí láti ẹnu ọ̀nà. Fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọn eruku rẹ̀.

"Ahmad ńkọ́?"

"Ó wà ní ilé kéú, sà."

"Ó dára. O ti kí mi. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ."

Rùfáì kò kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Ní ọ̀sán, Mùnírù ya àwòrán fìlà náà, ó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ó sì ròyìn bí ó ti jẹ́. Ó pẹ́ kí Túbọ̀sún tó fèsì, kò sì pe shap lọ́tẹ̀ yìí. "Eish, ó mà ṣe o. Mùnírù, ṣé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan? Ibo ni wọ́n ti ń ta òpó irin yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín tún ọkọ̀ ṣe nílé, a kò ní kí ẹ má ṣe é mọ́. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́ tó sì le. Ẹ dínà táyà tó wà nílẹ̀, ẹ lo òpó irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, ẹ má lo bíríkì, kí ẹ sì gbá ọkọ̀ wò kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó bá ti orí fóònù wá, ẹ bi ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà kí ẹ tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi rìmóòtù géètì sọ́wọ́ ẹni tó wà níta.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àna, ẹ̀yin àgbà, a ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá bá ọmọ yín lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má dúró kí ó jáde wá kí yín. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ó dúró síbẹ̀. Ẹ kí i níbi tó wà, kí ẹ sì gba ìkíni rẹ̀ bí ó bá kí yín láti ibẹ̀.