Ẹkún Tí Múyìíwá Fi Ṣe Ohùn Iwin

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé yìí lé lọ́wọ́, jókòó kí o kà á. Kò gùn. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ aládùn sọ, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ púpọ̀, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé ọ̀run àpáàdì.

Múyìíwá Ògúnkúnlé ni orúkọ rẹ̀. Ní Ìwó níbí ló ń gbé. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, òun ló sì ń kọ́ àwọn akọrin. Ọwọ́ rẹ̀ ń yin Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òkìkí ló ń wá.

Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni orin tí wọ́n ń fi sábẹ́ fíìmù. Fíìmù tó ń dẹ́rù bani ló mọ̀ jù. Ó lè ta gòjé títí yóò fi dà bíi pé ilẹ̀kùn kan ń ṣí nínú ilẹ̀. Ó lè lu agogo lẹ́ẹ̀kan, kí ó fa ohùn rẹ̀ gùn nínú kọ̀ǹpútà títí ara rẹ yóò fi gbọ̀n. Agídìgbo, fèrè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn èèyàn, ó ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Agogo kì í dẹ́ṣẹ̀. Jẹ́ kí a lọ síbi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Kàbírù, ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù, gbé iṣẹ́ fún un. Iwin kan wà nínú fíìmù náà tó ń pe àwọn ọmọbìnrin wọ inú odò. Múyìíwá kó àwọn akọrin jọ, wọ́n sunkún èké, ó gbà á sílẹ̀ láti fi ṣe ohùn iwin náà.

Kàbírù gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. "Múyìíwá, ohùn tí yóò mú orí èèyàn wú ni mo ní kí o wá. Eléyìí dà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Àkókò yẹn gan-an ni Dárasími kú. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin Múyìíwá ni, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ibà ló pa á. Òun nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀, Tinúọlá, bí. Àdùkẹ́ ni oríkì rẹ̀.

Múyìíwá bá àwọn ará ìjọ lọ kí ìyá náà. Kí wọ́n tó wọlé, ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó tẹ fóònù kí ó máa gbohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó ti ìyá ọlọ́fọ̀.

O mọ bí ìyá ṣe ń sunkún ọmọ nílẹ̀ wa. Oríkì ọmọ ni yóò máa pè. "Àdùkẹ́ o! Àdùkẹ́ tí mo pọ̀n lọ sóko Kútà! Mo pè ọ́, o ò jẹ́ mi!" Gbogbo ilé ń sunkún. Wọ́n ní kí Múyìíwá gbàdúrà. Ó dìde, ó di ojú rẹ̀, ó gbàdúrà tó dùn létí. Kò pa fóònù náà.

Nígbà tó dé sítúdíò rẹ̀, ó mú ohùn ìyá náà wálẹ̀ títí ó fi ki bí ohùn ọkùnrin. Ó da gòjé lé e, ó da agogo lé e. Kàbírù gbọ́ ọ, ó fò dìde lórí àga. "Ta lo pa, Múyìíwá?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ó rò pé kò sí ẹni tí yóò mọ ohùn náà mọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ohùn lè yí padà, ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe ń pe oríkì ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń gbé e sókè, bó ṣe ń fà á, bó ṣe ń já a sílẹ̀, èyí kò yí padà. Ìyá tó ń pè é láti ìgbà tó ti ń fún un lọ́mú kò ní ṣì í mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han nígboro, Múyìíwá pe gbogbo ìjọ. Àwọn obìnrin ìjọ mú Tinúọlá dání, kí ó má baà dá jókòó sílé. Múyìíwá rí i nígbà tó wọlé. Ó lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Kò ṣe é. Ó dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun ń gbé àṣà lárugẹ, òun ń jẹ́ kí ohùn ilẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Iwin jáde nínú odò, ó pè. Orí gbogbo èèyàn wú. Tinúọlá dìde dúró.

"Màmá, ẹ jókòó, fíìmù ni!" Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe fíìmù. Ẹkún mi nìyẹn. Àdùkẹ́ mi ni mò ń pè. Ta ló fi ọmọ mi sẹ́nu iwin?"

Gbogbo ojú yí sí Múyìíwá. Ó ní, "Ẹ̀rọ ni, mà. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

Ó pa irọ́ yẹn níwájú àwọn tó ń kọ́ ní orin Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè yọjú sí ìjọ mọ́. Bó bá gbọ́ ohùn obìnrin ládùúgbò, yóò sá wọlé. Matthew, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́, wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìwọ tí ò ń dẹ́rù ba gbogbo ayé, ìwọ ló sá sábẹ́ ibùsùn yìí?"

"Fi mí sílẹ̀, Matthew. Iṣẹ́ ọnà ni. Wọn kò lóye rẹ̀ ni."

"Olè ni. Má fi ọnà bò ó. Èmi náà ti fa epo ọkọ̀ ọ̀gá mi tà rí. Mo ní ẹ̀tọ́ mi ni. Ọjọ́ tí mo pè é ní olè níwájú Jésù ni mo tó rí ìdáríjì. Jésù kò kú fún iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀ṣẹ̀ ló kú fún. Bí o kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀, kí lo fẹ́ kó wẹ̀? Dìde, wọ kẹ̀kẹ́."

Lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni Tinúọlá ń gbé. Wọ́n bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Múyìíwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mà, nínú ìlàkàkà mi láti gbé ohùn ilẹ̀ wa dé ojú ayé..."

Tinúọlá kò gbójú sókè. "Múyìíwá, kí lo ṣe?"

"Ẹ̀dùn ọkàn yín, mà, ni mo..."

"Mo ní, kí lo ṣe?"

Múyìíwá fi ojú kan ilẹ̀. "Mo jí ẹkún yín. Fóònù ń gbohùn sílẹ̀ láyà mi nígbà tí mò ń gbàdúrà. Mo fi yín ṣe iwin. Mo sì purọ́ lójú yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn létí. Òtítọ́ ni.

Tinúọlá fi etí aṣọ nu ojú. "Ó ṣì ń dùn mí. Bí mo bá ní kò dùn mí mọ́, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ti fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ kí o tó fi mí ṣe é. Bí o ṣe sọ fún mi yìí, sọ fún un."

Nínú èèpo ẹ̀gúsí yẹn ni Múyìíwá ti sọ ọ́: "Jésù, olè ni mí. Òpùrọ́ ni mí. Gbà mí." Ọkùnrin tó máa ń gbàdúrà gígùn kò rí òmíràn sọ. Jésù sì gbà á.

Ó lọ bá Kàbírù pé kí ó yọ ohùn náà kúrò. Kàbírù ní, "Ó ti bọ́. Ó ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn dé ibi tí èmi gan-an kò mọ̀." Títí di òní, Múyìíwá lè máa rìn lọ nígboro, kí ó gbọ́ ọ láti ọwọ́ ẹni tó ń wo fíìmù lábẹ́ igi. Yóò tẹrí ba. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, Ọlọ́run kò kà á sí i lọ́rùn mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè pe ẹkún náà padà wálé.

Ìwọ ńkọ́? Kí ni orúkọ dáradára tí o sọ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ? Ọgbọ́n ọjà? Fàájì díẹ̀? Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é? Jésù mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ yẹn ló sì bá a lọ sórí igi àgbélébùú. Má ní o di ọ̀la. Bó bá fi di ọ̀la, ó lè ti rìn dé ibi tí o kò ní lè pè é padà.

Gbé ìwé yìí sílẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Kí lo ṣe? Sọ ọ́ fún un.