Ẹni Tí Kò Jẹ Wàrà Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, inú bí mi sí i débi pé díẹ̀ ló kù kí n da omi lé e lórí.

Ọ̀kadà ló gbé e wọ Aráròmí-Obu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹrẹ̀ ti bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì há kúlà kékeré kan mọ́ abíyá. Ó ní Suhaib lorúkọ òun, pé dókítà ẹran ni òun, pé ọ́fíìsì àwọn ní Odìgbó ló rán òun wá wo àwọn màlúù bàbá mi àti ibi tí mo ti ń ṣe wàrà.

Wàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú òróró ni. Mo bu mẹ́rin sínú àwo, mo gbé e fún un pẹ̀lú omi tútù. Bí a ṣe ń gba àlejò nílé wa nìyẹn, láti Ṣakí tí àwọn òbí mi ti wá.

Ó wo àwo náà. Mo rí i tó gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ tì í padà jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹni tó fẹ́ yẹ ẹrù yín wò kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀."

Omi ńkọ́? Kò mu omi. Ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò fún àyẹ̀wò, ó dé e, ó sì kọ déètì sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ̀ pé ìbínú mi nídìí. Ìdáyátù lorúkọ mi. Bí ẹ bá dé ọjà Ọ̀rẹ̀ tí ẹ béèrè wàrà tó dára, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi ni yóò dárúkọ mi. N kò fọ́nnu, bó ṣe rí ni mo sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Bìní a máa dúró dè mí ní gáréèjì. Lọ́wọ́ ìyá bàbá mi, Sẹ̀kínát, tí a ń pè ní ìyá àgbà, ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Ṣakí wá bá bàbá mi nídìí oko kòkó, ẹrù mẹ́ta ni wọ́n gbé: ẹní, Kùránì, àti igi bòmubòmu kékeré kan nínú agolo. Oje ewé bòmubòmu ló ń mú kí mílíìkì dì di wàrà. Igi náà ti ga ju òrùlé wa lọ báyìí.

Ohun tó fa dókítà wá ni pé obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ní òkè òkun tọ́ wàrà mi wò nígbà tó wálé, ó ní kí n máa kó o ránṣẹ́ sí òun. Mo rò pé n ó kàn dì í sínú páálí ni. Àṣé lójú àwọn ará ọ̀hún, ẹni tó ń gbé wàrà bọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ìbọn bọ̀.

Wọ́n fẹ́ mọ màlúù tí mílíìkì ti wá, pẹ̀lú nọ́ńbà létí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rí pé kò sí èyí tó ní ikọ́ ife nínú wọn. Mílíìkì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan, kó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dókítà ẹran tí ìjọba yàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn, páálí kan kò ní wọ bàálù.

Oṣù mẹ́jọ ni Suhaib fi ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní kí n jó agbọ̀n tí a fi ń sẹ́ wàrà, kí n ra oníirin. Ó ní iyọ̀ mi pọ̀, mo dín in. Ó ní ó ṣì pọ̀, mo tún dín in. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ń bú u nínú ikùn mi.

Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ bòmubòmu, àwọn ará ọ̀hún ní àwọn kò mọ ewé bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè ẹ̀rí pé ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Suhaib jókòó ti ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́, òun yóò máa kọ ọ́.

"Kọ ọ́ pé ìyá ìyá mi jẹ ẹ́," ni ìyá àgbà wí. "Ìyá mi jẹ ẹ́, èmi náà jẹ ẹ́ dàgbà. Kọ ọ́ pé mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eyín mẹ́rin péré ló yọ lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá ń ṣiyèméjì, kí wọ́n wá kà á."

Suhaib kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan eyín. Ìyá àgbà tẹ̀ka sí i, ó wọ inú fáìlì pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù, àwọn ará ọ̀hún sì gbà á. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá àgbà fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé eyín àwọn ti dé òkè òkun.

Kí n má purọ́, ọjọ́ tí ọkàn mi yí padà sí i, kò tilẹ̀ sí nílé wa. Gáàsì ló tán mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mílíìkì ti gbóná, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò sì tíì pé. Ogójì lítà ni. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo lè kọ ọ́ pé ó pé, kí ayé máa lọ. Mo dà á nù sẹ́yìn ilé, mo sunkún, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Gáàsì tán. Kò pé. Mo dà á nù." Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni èmi náà fẹ́ máa ṣe tèmi.

Ọjọ́ kẹta ni Suhaib dé, tó ka ojú ìwé yẹn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ìwé dé, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Ẹ kú ìnira, Ìdáyátù," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti ń wá ìró ọ̀kadà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń kí màlúù kó tó kí ènìyàn, mo fẹ́ràn bó ṣe ń kọ orúkọ mi pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé òun náà ń tijú láti wo ojú mi. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan, kò sì jẹ nǹkan kan.

Bàbá mi ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Gàzálì lorúkọ bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Aráròmí-Obu, àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń pè wọ́n ní àlejò. Ìyá Suhaib, ọmọ Ìkálẹ̀ ni, láti Ajue, nítorí náà bàbá mi ní ọmọ onílẹ̀ ń fi ìwà hàn wá.

"Ẹni tó wọlé rẹ fún oṣù mẹ́jọ tí kò fẹnu kan omi rẹ, ó kà ọ́ sí elẹ́gbin ni," ni wọ́n wí fún mi. "Kó fọwọ́ síwèé wa, kó máa lọ. Mo rí bí o ṣe ń wò ó. Kò sí ọmọ mi tí yóò fẹ́ ẹni tí omi wa ń rí lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Níkẹyìn, gbogbo àyẹ̀wò dé, kò sí àbùkù lára wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹrù gbéra. Bí a bá pàdánù ọjọ́ yẹn, oníbàárà náà ní òun yóò wá ẹlòmíì. Suhaib dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó kẹ́yìn, gbogbo wa sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó kọ ọ́ tán, ó ku ìlà kan nísàlẹ̀. Ó kà á sókè: pé ẹni tó fọwọ́ síwèé yìí jẹ́rìí pé kò sí ìbátan, kò sí àdéhùn, kò sí àǹfààní kankan láàrin òun àti ẹni tó ni ẹrù. Ó gbé bírò. Ó tún gbé e sílẹ̀.

"N kò lè fọwọ́ sí i," ló wí.

Bàbá mi dìde, wọ́n bi í pé kí ló tún kù tí a kò ṣe.

"Kò sí ohun tó kù, Bàbá. Wàrà yìí pé. Èmi ni n kò yẹ fún ìwé náà. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín, mo sì fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí mo bá kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan láàrin wa, irọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀. Irọ́ yẹn lè dá ẹrù rẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn."

Bàbá mi jókòó. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já, nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe ọdún. Suhaib yíjú sí mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun kì í ti í ṣe olùyẹ̀wò wa mọ́, kí n jọ̀wọ́ bu wàrà fún òun. Ìyá àgbà ti ń dìde lọ gbé àwo.

"Rárá," ni mo wí.

Gbogbo wọn wò mí.

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Dókítà, n kò ní purọ́ níwájú bàbá mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò sọ ní Ọ̀rẹ̀ pé àfẹ́sọ́nà Ìdáyátù ló ti wàrà rẹ̀ wọ bàálù. Ẹ lọ wá ẹni tó le jù ní ọ́fíìsì yín wá. Ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí i ni kí ẹ wá jẹun."

"Bí kò bá wá fọwọ́ sí i ńkọ́?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Kò sí wàrà, kò sí ìyàwó."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Suhaib rẹ́rìn-ín, ó ní Dókítà Bọ́látitó ni mo ń béèrè fún yẹn, kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ lọ tán, bàbá mi sọ jẹ́jẹ́ pé àṣé kì í ṣe pé omi wa ń rí i lára. Wọ́n fọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní èmi ni ọmọ àwọn lóòótọ́.

Dókítà Bọ́látitó dé ní ọjọ́ karùn-ún. Àwọn alápatà Ọ̀rẹ̀ a máa gba ẹ̀yìn sá bí wọ́n bá rí ọkọ̀ wọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò. Wọ́n yọjú sétí gbogbo màlúù, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ fírísà, wọ́n ní kí n se mílíìkì níṣojú wọn. Wọn kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, wọ́n sì dúró sójú ibì kan. Ibi tí gáàsì ti tán ni.

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yìí?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Kí ló dé tí o fi kọ ọ́?"

"Ó ṣẹlẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fa bírò yọ. "Ìwé tí kò ní àṣìṣe kankan ló máa ń bà mí lẹ́rù," ni wọ́n wí. Wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ kó páálí mẹ́wàá kúrò ní Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó. Òfin àwọn ará ọ̀hún ni pé kí a kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é sára rẹ̀. Bàbá mi ka lébẹ̀lì náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta: "Wàrà Ìdáyátù Gàzálì, Aráròmí-Obu, Odìgbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó." Wọ́n ní lónìí, kí ẹnì kan wá pe àwọn ní àlejò. Omi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì nù ún.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Suhaib àti ìyá rẹ̀ wá fún mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ohùn Ìkálẹ̀ wọn ní, "Ọma mi ti ń jẹ wàrà yín lójú oorun láti oṣù mẹ́jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un jẹ."

Èmi fúnra mi ni mo gbé àwo náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó mú ẹyọ kan. Ìyá àgbà ti na ọrùn. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Báwo ló ṣe rí?" ni bàbá mi béèrè.

Àfẹ́sọ́nà mìíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tèmi ronú ná.

"Ó dùn gan-an, Bàbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kéré díẹ̀."

"Ta ló ní kí n dín iyọ̀ kù?" ni mo bi í. "Lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo àlàfo eyín wọn hàn. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn bu omi fún Suhaib láti inú àmù wa. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì mu ún tán.

Ní tèmi, orí mi wú, n kò lè pa á mọ́ra. Ọkùnrin tí kò lè purọ́ fún mi lórí iyọ̀, kí ni yóò tún purọ́ fún mi lé lórí? Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sì tún din òmíràn pẹ̀lú iyọ̀ bí a ṣe ń jẹ ẹ́ ní Ṣakí.