Òdòdó Keje

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ilka ìyàwó mi kú. Ọdún mẹ́rìnlélógójì la fi gbé pọ̀.

Orí Afárá Széchenyi ní Budapest ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní ìparí ọdún 1974. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Szeged kí n lè ya fọ́tò afárá náà lálẹ́, nígbà tí iná rẹ̀ bá ń tàn sínú odò. Mo gbé kámẹ́rà lé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣí ojú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà dé ọgbọ̀n kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Mo ka mẹ́sàn-án, ni ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé bá yọ síwájú mi, ó ń jẹ ápù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni afárá ni?"

"Fọ́tò ni mò ń yà."

"Mo ti bà á jẹ́ nìyẹn?"

"Rárá. Ẹni tó bá ń rìn kì í hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró ló ń hàn."

Ó dúró. "Ó yá, ẹ tún un kà."

Kò yẹsẹ̀ títí mo fi ka ọgbọ̀n. Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì mi. Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà dé ní Sátidé kejì, ó wò ó pẹ́.

"Ẹnu mi dà?"

"Ẹ ò yéé jẹ ápù."

"Ẹ̀yin náà ò tètè kà á tán."

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń wá. Gbogbo ohun tí iná wà lára rẹ̀ ní ìlú yẹn la yà.

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Szeged sì jìnnà lójú rẹ̀. Nínú oṣù Karùn-ún, ó ní òun yóò gbọ́ tẹnu mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ra òdòdó pupa méje. Bí a ṣe ń kọjá lórí afárá, mo fa ọ̀kan yọ, mo fi há ihò bọ́tìnnì Ilka, mo sì yà á. Mi ò ronú.

Ìyá ṣílẹ̀kùn, ó ka òdòdó náà lójú mi. Mẹ́fà. Lọ́dọ̀ wa, òkú nìkan là ń fún ní òdòdó tó pé méjì-méjì.

"Ambrus, ta ló sọ fún ọ pé mo ti kú?"

Ó ti ń ti ilẹ̀kùn padà nígbà tí Ilka yọ òdòdó ara kóòtù rẹ̀, ó sì fi kún ìyókù.

"Màmá, méje ni. Ọwọ́ mi ni ọ̀kan wà. Bí ẹ bá lé mẹ́fà, ìkeje á bá wọn lọ."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ìyá wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. "Ṣé ọwọ́ yìí náà ló ń ya fọ́tò? Ẹ wọlé, ọbẹ̀ ń tutù."

A ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Kẹsàn-án.

Lọ́jọ́ tí a sin Ilka, méje ni mo rà. Mẹ́fà ni mo fi sórí ibojì.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: kóòtù aláwọ̀ ewé kan, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin kan, tó kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀, fọ́tò afárá mọ́kànlélógójì tí kò sí ènìyàn nínú wọn, fọ́tò kan tó dúró sí, tí ẹnu rẹ̀ kò hàn, awò ojú rẹ̀, òdòdó kan nínú ife omi, lórí tábìlì.