Bàtà Pépé Lucien

"Corinne, ṣé ìwọ lò ń lọ yẹn?"

Inú balùwẹ̀ ni Pépé Lucien ti ń pè, omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ lé e lórí. Corinne, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà bí olè tí ilẹ̀ mọ́ bá. Bàtà bàbá àgbà, tí wọ́n ń pè ní Pépé nílé wọn, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì ló sì wọ̀ kí bàtà náà má baà bọ́. Ó ní òun ni, òun ń lọ sílé ìwé. Kò parọ́, àmọ́ ohun tí kò sọ pọ̀ ju ohun tó sọ lọ.

Nílùú wọn létí odò Androscoggin, ní ìpínlẹ̀ Maine, kò sẹ́ni tí kò mọ bàtà Marcoux tí ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń ṣe. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an títí dòní, abẹ́rẹ́ méjì àti òwú tí wọ́n ti fi ìda pa. Kò ga, kò ní gọngọ kankan, awọ rẹ̀ rọ̀, bó bá sì ti pẹ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn díẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló máa mọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ọ́, àwọn olùkọ́ ń wọ̀ ọ́, ìyá Corinne náà ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Bó bá jẹ lábẹ́, wọn á gbé e padà sílé iṣẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á tún máa wọ̀ ọ́ lọ. Bàtà arúgbó ni Corinne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ayé yí padà, gbogbo ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá Marcoux kiri, wọn ò sì fẹ́ tuntun. Ẹnikẹ́ni ló lè fi oṣù mẹ́ta retí tuntun. Èyí tó ti gbó ni wọ́n ń fẹ́, èyí tó ní àmì ẹni tó rán an lábẹ́ ahọ́n bàtà.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Pépé fi rán bàtà nílé iṣẹ́ Marcoux. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó fi òwú pupa rán ni àmì tirẹ̀. Èyí tó ń wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rán an, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sì ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹlòmíì wọ inú rẹ̀ rí. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ Pépé kú. Òkúta ì báà gún un, kò ní mọ̀. Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí nìkan ni nọ́ọ̀sì gbà kó máa wọ̀.

Corinne mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú yẹn ni Ọjọ́ Ìlú nílé ìwé, tí oníkálùkù máa wọ ohun àtijọ́ ìlú wọn, Sloane Whitcomb, ọmọ kíláàsì rẹ̀, sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ tó ṣáájú.

"Ìwọ tó o ní bàbá àgbà ẹ ń rán Marcoux," ni Sloane wí, "kí ló dé tó jẹ́ rọ́bà lo máa ń wọ̀? Àbí àlọ́ lò ń pa fún wa?"

Ọ̀rọ̀ náà ta Corinne lára gan-an. Ó sì rántí pé gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn ọ̀rẹ́ Pépé máa ń wá ta káàdì nílé wọn, sálúbàtà ni Pépé sì máa ń wọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kì í jáde.

Nílé ìwé, Sloane fúnra rẹ̀ ló gbé ahọ́n bàtà sókè, tó rí ojú abẹ́rẹ́ pupa mẹ́ta náà. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sún fún Corinne níbi oúnjẹ ọ̀sán. Inú rẹ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó ń wo aago ṣáá. Nígbà tí wọ́n jáde, Sloane ní kí àwọn lọ ya fọ́tò kan sí i lórí afárá. Yìnyín ti ń yọ́ lójú títì, omi àti iyọ̀ tí wọ́n dà sí i kó lè yọ́ ti di ẹrẹ̀. Ibi tí Corinne ti ń fò ó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Nílùú yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé a kì í gbé awọ tútù súnmọ́ iná. Ìwé ìròyìn la máa ń kì sínú rẹ̀, ká fi í sígun fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n Corinne kò ní ọjọ́ méjì. Bí àwọn àgbà ṣe ń pariwo káàdì nílé ìdáná, ó yọ́ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó sì gbé bàtà náà ti ààrò onígi.

Kó tó di àkókò oúnjẹ alẹ́, ó ti gbẹ, ó sì ti le. Corinne fi epo pa á títí ó fi ń dán. Nígbà tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó kan nǹkan níbi ọmọ ìka tó kéré jù: awọ ti sún kì, ó ti yọ gọngọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún dìde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ Pépé á tún un rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Pépé wọ bàtà rẹ̀ lọ mu kọfí bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé, Corinne béèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ro ó.

"Ẹsẹ̀ wo?" Pépé rẹ́rìn-ín. "Ibi tí mo fi í sí ló wà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Corinne lọ sílé ìwé. Sloane ní kó tún wọ bàtà yẹn wá, ọ̀rọ̀ náà sú u. Ìrìn Pépé nìkan ló ń ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á dé. Lọ́jọ́ Àìkú, ibà mú Pépé. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, egbò ti wà níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó kéré jù, ẹsẹ̀ náà ti wú, ó pupa dé agbede ojúgun, ìyá Corinne sì gbé e dé ọsibítù. Corinne tẹ̀ lé wọn.

Dókítà Pruitt béèrè bóyá ó ti pààrọ̀ bàtà.

"Èmi kẹ̀?" ni Pépé wí. "Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo ti ń wọ bàtà yìí. Bàtà mi ò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Dókítà mi orí. Ó ní bí kò bá jẹ́ pé nǹkan ló bó o, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ náà mọ́ nìyẹn, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn gé e láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Ìyá Corinne bú sẹ́kún.

"Bàtà yẹn náà ni," ni Corinne wí. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́ jáde. Ó tutù, mo yá a níná. Ó ti yọ gọngọ nínú, mo sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Pépé."

Dókítà ki ọwọ́ bọ bàtà náà, ó wo ojú egbò, ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibì kan náà ni. Ó ní kí wọ́n tètè ṣàyẹ̀wò ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa. Wọn ò ní gé ẹsẹ̀ mọ́, ọmọ ìka kan ni wọ́n máa gé. Lẹ́yìn náà ló wojú Corinne, ó ní ká ní Ọjọ́bọ̀ lòun gbọ́ ni, oògùn àti ìsinmi ì bá tó.

Pépé kọjú sí ògiri.

"Gbogbo wa la máa ń ṣì í rán," ló wí. "Èmi náà ṣì í rán, mo tú u, mo tún un rán. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá ṣì í rán, tó mọ̀, tó wá fi epo pa á kó lè máa dán, òun ni wọ́n máa ń lé."

Corinne jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, Pépé kò sì ní kó má sunkún.

Wọ́n gé ìka náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Corinne sọ gbogbo rẹ̀ fún Sloane àti àwọn yòókù níbi oúnjẹ ọ̀sán, kò yọ nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Pépé tún ti ń rìn lọ mu kọfí, bàtà aláṣọ tí ọsibítù fún un ló ń wọ́ nílẹ̀. Marcoux tuntun ló ń retí báyìí, oṣù mẹ́ta bíi ti gbogbo ayé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni í báni mu. Òótọ́ ni, ohun tí kì í ṣe tẹni kò yẹ ní wíwọ̀ nítorí ojú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ tí Corinne wọ bàtà náà kọ́ ló gé ìka Pépé. Àṣìṣe tí a bá tètè sọ ṣì ní àtúnṣe. Èyí tí a bo mọ́lẹ̀, ara ẹlòmíì ló máa ń jẹ. Kò gba Corinne ní ìṣẹ́jú kan láti sọ ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ mẹ́rin ló sì fi gbé e mì.